Ewu Tí Wọ́n Ń Kí Màmá Mi

Bí ẹ bá bímọ lónìí tí mo wá kí yín, ẹ má bínú sí mi o, mi ò ní sọ pé ẹ kú ewu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ṣàgámù ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Nìmọ́tà, ṣé owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kíni ni?" Màá kàn wò wọ́n. Màá bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, màá wá ibì kan jókòó, màá sì béèrè ìyá ọmọ kí n tó wo ojú ọmọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú lọ. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀rọ̀ ọdún kan ṣoṣo ni, ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí Màmá mi bí Kàmọ́rù àbúrò mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà kan rí, àmọ́ kò tíì gbọ́ ìdajì tó fi sùn lọ, nítorí náà ẹ̀yin ló kàn.

Ilé obì ni ilé wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni òwò náà. Alhája ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàbá mi ló ń kó ọjà lọ sí òkè Ọya, tó bá sì ti lọ, ó lè tó oṣù méjì ká tó tún fojú kàn án. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni àwọn obìnrin tó ń bá wa bó obì ti máa ń dé. Wọ́n á jókòó yí bàsíà ká, wọ́n á máa bó awọ funfun kúrò lára gbànja tó ti rà nínú omi, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń já sínú apẹ̀rẹ̀, pó, pó, pó, títí di ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á fi ewé gbòdògí tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó kó má baà gbẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á tún tú gbogbo rẹ̀ síta, wọ́n á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí kòkòrò. Níbẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Á gbé obì lé àtẹ́lẹwọ́, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ní, "Èyí ti gba àlejò." Wọ́n á là á, kòkòrò á sì wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Òun náà ló máa ń sọ pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo gbọ́ òwe yẹn títí tó fi sú mi, mi ò sì mọ ohun tó ń sọ.

Màmá mi ló ń ṣètò ewé. Ọmọ tíṣà ni, ará Ìsarà. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ti di Mùsùlùmí. Tó bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà lójú títì á gbọ́. Àmọ́ lẹ́yìn tó bí mi, ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi rí oyún mìíràn ní. Kò sẹ́ni tó lé e jáde, kò sì sẹ́ni tó bú u lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ. Wọ́n á wo ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù náà pẹ̀lú rẹ̀ ni Màmá Ìsarà, ìyá tó bí i. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bí mi, ogójì ọjọ́ gbáko ni Màmá Ìsarà fi sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń rin kókò tó ń fi ewé dì í ṣe ebìrìpò fún un, tí àwọn méjèèjì á sì máa rojọ́ bí ọ̀rẹ́. Nígbà tí oyún Kàmọ́rù wá dé, inú gbogbo wa dùn. Oṣù karùn-ún oyún náà ni Màmá Ìsarà kú, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láìṣàìsàn kankan. Wọ́n ní kí Màmá mi má sunkún nítorí oyún. Kò sì sunkún. Ó gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ìyàwó dáadáa ni.

Bí Kàmọ́rù ṣe dé ilẹ̀ báyìí, ni ilé bá kún. Wọ́n á wọlé tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, "Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì! Ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Ọwọ́ ta ló wà lómi? Ọwọ́ Màmá mi gbẹ táútáú. Ìyá Àgbà ló ń wẹ Kàmọ́rù, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, lórí àpótí kékeré rẹ̀, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, tó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú kùn ún, tó ń nà án lápá tó ń nà án lẹ́sẹ̀, tí ọmọ ń ké tí òun ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ń fọ aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀. Òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn Màmá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kí Ọlọ́run má bi mí: kò sí ohun tí obìnrin yẹn kò ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọn ò tọ́jú Màmá mi, irọ́ ló ń pa. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ débi pé kò sí nǹkan kan tó kù tó lè ṣe, àyàfi kó jókòó sórí ibùsùn kó máa wo ògiri.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń gbé fún un láàárọ̀, ọbẹ̀ ata olẹ́ja gbígbẹ lọ́sàn-án, èmi ni mo sì máa ń gbé e wọlé. Màmá mi á wò ó bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíràn. Á ní, "Nìmọ́tà, bá mi jẹ ẹ́." Ní ọjọ́ kìn-ín-ní mo kọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo jẹ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, èmi ni mò ń jẹ gbogbo rẹ̀, tẹja-tẹja. Màá gbé àwo òfìfo jáde, Ìyá Àgbà á ya ẹnu, "Alihamudulilaahi! Ó ti jẹ ẹ́ tán! Ìyàwó mi ń gbádùn." Á tún bù ú kún dáadáa ní ọjọ́ kejì. Mo sanra lọ́dún yẹn. Títí di òní olónìí, tí mo bá rí ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀ ata, mo máa ń ṣà á sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

Nígbà tó yá, Màmá mi kò jáde sí àlejò mọ́. Ni Ìyá Àgbà bá fi mí sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìyá ìkókó, kí n sọ pé, "Wọ́n ń sùn, wọ́n ní ẹ ṣé o." Mo mọ̀ ọ́n sọ débi pé ohùn mi ti ń jọ ti àgbàlagbà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Màmá mi kì í sùn. Tí Kàmọ́rù bá sùn, ojú òun á là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bó obì tẹ̀ sí etí ẹnì kejì rẹ̀, ó sọ pé, "Ṣé kì í ṣe àbísínwín ló fẹ́ dà yìí?" Ìyá Àgbà gbọ́. Ó dìde, ó da apẹ̀rẹ̀ obìnrin náà nù sílẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé rẹ̀, pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹnu ti pa dé. Mo máa ń rò ó nísinsìnyí tí mo ti dàgbà: èdè wa ní kíkí fún ẹni tó bímọ tó yè, ó sì ní orúkọ fún ẹni tó bímọ tó ya wèrè. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, tó bímọ tí orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí la pè é? A kò pè é ní nǹkan kan. A ní ó ń sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àlejò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, Màmá mi pè mí. Ó ní, "Nìmọ́tà, ewu tí wọ́n ń kí mi kú rẹ̀ yìí, kò tíì kọjá o." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ẹ rántí. Ewu tí mo mọ̀, nǹkan tó ń bunijẹ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo ní, "Mi ò rí i, Màmá. Ṣé ejò ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí Kàmọ́rù, ara mi sì yá gágá, mo rò pé mo ti wò ó sàn. Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe yí padà tó di ẹkún tí kò ní ohùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni màá sọ fún? Bàbá mi wà ní Kánò. Ìyá Àgbà ló ní kí n máa sọ pé wọ́n ń sùn. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, èrò ń wọlé èrò ń jáde, obì ń já pó, pó, inú mi sì ń bà jẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ojú ọmọ tuntun ni gbogbo wọn ń wò.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí kò sunkún, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ìgbà tó ń kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ ewé. Ó ní, "Tí wọ́n bá ń po omi Kàmọ́rù, ìgbọ̀nwọ́ ni kí o máa fi tọ́ ọ wò, má fi ọwọ́, ọwọ́ ti yigbì. Tó bá ń ké lẹ́yìn tó jẹun tán, gbé e lé èjìká. Kí o fọkàn sí i, nítorí tí mi ò bá sí." Mo ní, "Níbo lẹ fẹ́ lọ, Màmá?" Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo kàn rò pé ẹ̀yin méjèèjì á rọrùn tí mi ò bá sí níbí." Ó wá fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kí n lọ ṣeré. Ẹ gbà mí, mo lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ̀, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan tí wọn ò sọ fún un, pé Màmá mi ń dágbére fún mi.

Mi ò tíì jókòó pẹ́ nígbà tí obìnrin kan láti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wọlé, ó gbé ọṣẹ dání. Àwọn tó ń bó obì wà ńbẹ̀ gbogbo wọn, Ìyá Àgbà wà láàárín wọn. "Ẹ kú ewu o! Ìyá ìkókó dà?" Gbogbo wọn yíjú sí mi, kí n sọ tèmi. Mo ya ẹnu kí n sọ pé wọ́n ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. Èyí tó jáde ni, "Wọn ò sùn. Wọn kì í sùn. Èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ wọn. Wọ́n ní ewu náà kò tíì kọjá, wọ́n sì fẹ́ lọ, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ!" Mo wá bú sẹ́kún. Obì kan ṣoṣo já sínú apẹ̀rẹ̀, pó. Ìyá Àgbà ti dìde, ó ti gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ burúkú yìí? O fẹ́ ba ilé mi jẹ́!"

"Alhája, ẹ gbé ọwọ́ yín wálẹ̀."

Ìyá Ìbídò ló sọ̀rọ̀. Arúgbó kan ni, ó ju Ìyá Àgbà lọ lọ́jọ́ orí, láti Ìbídò ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá bá wa bó obì lójoojúmọ́. Kì í sọ̀rọ̀, bó bá sì sọ ọ́, èdè Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ni, tí àwa ọmọ ilé ìwé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe yé mi ni mò ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà kọjá, ó wọ inú yàrá lọ. Mo tẹ̀ lé e. Kò sọ pé ẹ kú ewu. Kò wo Kàmọ́rù rárá. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó di ọwọ́ Màmá mi mú, ó ní, "Kò tíì kọjá, àbí?"

Màmá mi wò ó. Ó mi orí. Ni gbogbo ẹkún Màmá Ìsarà tí wọ́n ní kó má sun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pẹ̀lú ohùn, débi pé àwọn ará ìta dìde dúró. Ìyá Ìbídò kò ní kó dákẹ́. Ó ní, "Sun ún. Nígbà tí mo bí ìkẹta mi, mo gbé e sábẹ́ igi obì nínú oko, mo sì ń rìn lọ. Mo ti rìn jìnnà kí n tó rántí pé mo bímọ. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún." Nígbà tí Ìyá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ìbídò yíjú sí i. "Alhája, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn. Ìyẹn, gbogbo ọjà ló ń mọ̀ ọ́n. Èyí, ẹni tó ń ṣe nìkan ló ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pani bákan náà tí a bá dákẹ́." Ìyá Àgbà, obìnrin tí kì í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyàwó ilé, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi, má bínú."

Kò ṣẹlẹ̀ bí idán o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Wọ́n ránṣẹ́ sí Kánò, bàbá mi sì padà wálé. Wọ́n mú Màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ńbẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó máa padà wá, ó sì ń padà lọ. Ìyá Ìbídò kó ẹní wá, ó sùn sí yàrá wa bí ìyá tó bí i. Kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí Ìyá Àgbà ti ṣe. Tí wọ́n bá ti po omi, á mú ọwọ́ Màmá mi, á rì í sínú bàsíà, á gbé tirẹ̀ lé e lórí, wọ́n á sì jọ wẹ Kàmọ́rù pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mìíràn, bí omi bá ti kan Màmá mi lọ́wọ́, á fà á yọ, Ìyá Ìbídò á ní, "Ó tó. Ó di ọ̀la." Ó tó oṣù mélòó kan kó tó jáde wá síbi obì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ewé mẹ́ta péré ló tẹ́ tó fi wọlé padà. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ewé mẹ́ta yẹn kúrò níbi tó tẹ́ ẹ sí. Ẹ̀rín rẹ̀ padà, àmọ́ kò dé ojú títì mọ́. Èmi náà sì kọ́ láti máa jẹ oúnjẹ tèmi nìkan. Ohun kan ló kù tó ń dùn mí: kò sẹ́ni tó bi èmi léèrè ohun tí mo gbé sọ́kàn fún gbogbo ọjọ́ yẹn. Mi ò bínú sí wọn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ẹ rí i pé mo ti lérí fún yín níbẹ̀rẹ̀. Ó dáa, ẹ gbọ́ bí ojú ṣe tì mí. Oṣù tó kọjá ni Bísọ́lá ọmọ mi bímọ ní Ṣímáwà, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Èkó ni ọkọ ń lọ ṣiṣẹ́, ọ̀nà márosẹ̀ ní ìdájí, ọ̀nà márosẹ̀ ní alẹ́. Mo bá a ṣe ọ̀sẹ̀ kan, mo padà sílé, mo sì ń pè é lójoojúmọ́. "Bísọ́lá, ìwọ ń kọ́?" "Mo wà, Mummy." Ó ń fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ lórí wásáàpù, èmi náà ń fi han gbogbo ayé. Ìbéèrè tí mo fi ń yangàn, mo bi í, mo gba èsì tó wá, mo sì lọ jẹun. Màmá mi ló ní kí n mú òun lọ wo àrọ́mọdọ́mọ òun. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọ̀pá ló fi ń rìn. A dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Bísọ́lá gbé ọmọ wá, ó fẹ́ gbé e lé Màmá lẹ́sẹ̀. Màmá gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ó ní, "Gbé e fún Nìmọ́tà ná." Ó fa Bísọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé ó ti kọjá?"

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ya ẹnu láti sọ pé òun wà. Èmi ń wò ó, ọmọ rẹ̀ wà lápá mi, mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kọ̀ fún un, bó ṣe kọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá, Màmá Àgbà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni." Màmá mi fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì ní kó dákẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni aládùúgbò kan wá kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ọwọ́ lómi! Ìyá ọmọ ń kọ́?" Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀, ẹnu mi sì ti ya, ohùn àgbàlagbà tí wọ́n kọ́ mi ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti dé ọ̀fun mi. Màmá mi kò gbé orí sókè.

"Nìmọ́tà," ó ní, "má sọ pé ó ń sùn."